Ìwé Tí Akínwándé Fọwọ́ Sí

Òwe tó wà ní ìparí ìtàn yìí dàgbà ju bàálù lọ, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé àárín àwọn tó ń tún bàálù ṣe ní Ìkẹjà, wọn yóò ní ọ̀rọ̀ Akínwándé ló bí i. Ẹ má wulẹ̀ bá wọn fà á.

Mẹkáníìkì ni Akínwándé ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Àwòdì, òun náà sì ni aṣojú àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ṣólàńkẹ́ ló ti kọ́ṣẹ́. Bàbá ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi etí mọ àìsàn ẹ́ńjìnnì, Bàbá náà ló sì tẹ̀ lé e lọ tọrọ ìyàwó. Nídìí iṣẹ́ yìí, ẹnì kan kì í dá a ṣe. Bí ẹnì kan bá tún bàálù ṣe tán, ẹlòmíràn tó ní ìwé àṣẹ irú bàálù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kó fọwọ́ sí i, kí bàálù tó lè gbéra.

Lọ́dún kan, epo bàálù gbówó lórí, ọ̀gá àgbà sì pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní òun ti yá bàálù tuntun, òun fẹ́ pa àwọn ti àtijọ́ tì. Nítorí náà, kí wọ́n mú ọ̀kan nínú méjì: kí gbogbo wọn gbà kí owó oṣù wọn dín kù fún ọdún kan, tàbí kí àwọn àgbà mẹ́ta tó ń bójú tó àwọn bàálù àtijọ́ máa lọ ilé láìgba owó ìfẹ̀yìntì. Àdéhùn wọn ni pé ẹnikẹ́ni ò lè pàdánù owó ìfẹ̀yìntì àfi bí aṣojú òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ sí i.

Ariwo sọ. Ìbídùnní, tó ń tọ́jú èrò nínú bàálù, ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ dín in. Ohun tó bá ojú ló bá imú."

Gbádébọ̀ tó ń ṣọ́ yàrá irinṣẹ́ ní, "Àwọn àgbà ti jẹ tiwọn. Ta ni yóò san owó ilé-ìwé ọmọ mi?"

Àwọn kan tiẹ̀ ní kò sóhun tó kàn wọ́n, ohun tí ọ̀gá bá fẹ́ ni kó ṣe.

Bàbá Ṣólàńkẹ́ wà lára àwọn àgbà mẹ́ta náà, ọdún méjì péré ló sì kù kó fẹ̀yìn tì. Ó dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ní kí n máa gba ìdajì, màá gbà á. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí wọ́n gba ọjọ́ alẹ́ mi lọ́wọ́ mi."

Akínwándé ń ro ti ọmọ mẹ́ta, ó ń ro ti ilé tí kò tíì kan òrùlé ní Sángo. Ọ̀gá tún ní bí wọ́n bá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà, àpò ìrẹsì kọ̀ọ̀kan ń bẹ fún wọn láti fi ṣe Kérésì. Akínwándé gba gègé, ó fọwọ́ sí i pé kí àwọn àgbà máa lọ. Kò wo ojú Bàbá.

"Bọ̀dá Akin! Nítorí ìrẹsì?" ni Ìbídùnní wí.

"Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́," ni ó fi dá a lóhùn.

Ká má parọ́, ìrẹsì náà dùn. Ó tán kí oṣù kìíní tó parí.

Ní ọdún kejì, àwọn tó ni bàálù tuntun ò rí owó wọn gbà, wọ́n bá wá kó o lọ. Bàálù àtijọ́ mẹ́ta ló ṣẹ́ kù. Wọ́n tún un ṣe títí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sí i, torí àwọn àgbà mẹ́ta tí wọ́n lé nìkan ló ní ìwé àṣẹ irú rẹ̀. Méjì nínú àwọn àgbà ti bá iṣẹ́ lọ sí Gánà, wọn ò sì dáhùn. Ọ̀gá bá fi lẹ́tà rán Akínwándé sí Bàbá Ṣólàńkẹ́ ní Ifọ̀: owó oṣù ìlọ́po mẹ́ta, owó ìfẹ̀yìntì pátá, kó ṣáà máa bọ̀.

Inú Akínwándé dùn dé ẹnu ọ̀nà. Ó rò pé òun fẹ́ lọ tún ohun tí òun bà jẹ́ ṣe nìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí Bàbá, ó na lẹ́tà sí i, ṣùgbọ́n Bàbá ò gbà á.

"Akin, ohùn rẹ nìyẹn?"

Ìyàwó Bàbá ló fèsì. "Kà á fún un. Ilé ìwòsàn ilé-iṣẹ́ yín ló ń fún un ní oògùn tó ń kán sójú. Ìgbà tí ẹ lé e, ìgbà tá a bá rówó la ń rà á. Àrùn ojú náà ò dúró dè wá."

Akínwándé ka lẹ́tà náà tán. Bàbá mi orí. "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ìwé àṣẹ mi wà nínú àpótí, kò tíì kọjá àkókò. Ojú tí wọ́n fi ń lò ó ni kò sí mọ́."

"Bàbá, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Dìde nílẹ̀. Àmọ́, ìdáríjì kọ́ ni wọ́n fi ń fọwọ́ sí bàálù."

Kí oṣù náà tó tán, Àwòdì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Owó ìfẹ̀yìntì ọdún mẹ́tàdínlógún tí Akínwándé fi ṣiṣẹ́ bá a lọ. Èyí kò dùn ún tó ti ojú Bàbá. Ó ní bí wọ́n bá ní kí òun fi ilé Sángo ṣe pàṣípààrọ̀ ojú náà, òun á fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, òun á sì dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ọgbà bàálù fi ń pa á lówe pé, ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.