Irun Ẹtu Nínú Ọbẹ̀ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà. Ó yà sí ilé oúnjẹ kan létí odò, ó bá Ẹtu níbẹ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, ó bá Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lórí àga. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà, bí mo bá ṣì í sọ, ẹ bá mi tún un ṣe.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ń gbé ìlú bíi ti ènìyàn, Ìyá Ẹfọ̀n ní ilé oúnjẹ kan. Iyán rẹ̀ funfun bí òwú. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, ẹja àrọ̀ tó tóbi tó apá ọmọdé ló máa ń fi sí i. Òun fúnra rẹ̀ kì í kúrò nídìí ààrò. Ẹtu ló ń gbé oúnjẹ fún àwọn àlejò.

Opó ni Ẹtu, ọmọ méjì ló sì ń tọ́. Oúnjẹ tí Ìyá Ẹfọ̀n bá bù fún un nírọ̀lẹ́ ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ sùn. Nítorí náà, kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré. Bí àlejò bá wọlé, yóò kúnlẹ̀ kí i. Yóò gbé omi ìṣanwọ́ wá, ọ̀dọ̀ àgbà ni yóò sì kọ́kọ́ gbé e lọ. Ó mọ̀ pé àga méjì ni Erin ń jókòó lé. Ó mọ̀ pé a kì í gbé àwo iyọ̀ sún mọ́ Ìgbín.

Àwọn àlejò a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nìkan ni kì í dúpẹ́. Bó bá wọlé, kò ní kí ẹnikẹ́ni. Yóò na ẹsẹ̀ dí ojú ọ̀nà, yóò sì máa fi ìka ta pá, pá, pá.

"Ìwọ, wá."

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ìkíni ni mo fẹ́ jẹ ni? Gbé iyán wá."

Ẹtu yóò gbé iyán dé, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yóò ní ẹ̀bà lòun wí. Ẹtu yóò gbé ẹ̀bà dé, yóò ní ó ti tutù. Ẹtu yóò tún padà lọ.

Òfin kan wà nílé oúnjẹ yìí. Àlejò tó bá rí ìdọ̀tí nínú oúnjẹ rẹ̀, Ìyá Ẹfọ̀n yóò gbé òmíràn fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ẹja méjì ni yóò sì fi sí i. Ọjọ́ tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbọ́ òfin yìí, kò sùn dáadáa. Ọgbọ́n ló ń dá.

Ní ọjọ́ kan, ó jẹun títí ó fi kù díẹ̀ nísàlẹ̀ àwo. Ó ní kí Ẹtu lọ bu omi wá. Kí Ẹtu tó dé, ó ti dìde dúró.

"Ìyá Ẹfọ̀n, ẹ wá wo irun Ẹtu nínú ọbẹ̀ mi."

Ìyá Ẹfọ̀n jáde, ó rí irun pupa lójú ọbẹ̀. Ó bẹ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó gbé àwo mìíràn fún un. Nírọ̀lẹ́, ìdajì oúnjẹ ló bù fún Ẹtu.

"Ìyá, mo wé orí mi dáadáa. Mi ò mọ bó ṣe débẹ̀."

"Ṣé irun tèmi ló pupa ni?"

Ẹtu gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ sílé.

Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tún padà wá, ó sì tún rí irun. Lọ́tẹ̀ yìí, Ẹtu tẹjú mọ́ irun náà.

"Ìyá, ẹ wò ó, irun yìí gbẹ. Irun tó bá bá ọbẹ̀ hó yóò mu epo."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹni tó ń gbé àwo náà ni yóò máa bá mi jiyàn?"

Gbogbo àlejò ń wò wọ́n. Ojú ti Ìyá Ẹfọ̀n. Ó ní, "Ẹtu, ẹ̀ẹ̀kejì nìyí. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, máa lọ sílé rẹ."

Nígbà tí Ẹtu ń lọ, ó dé ìdí òpó ọgbà tó máa ń fi ẹ̀yìn ha láràárọ̀. Irun rẹ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ òpó náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnìkan ti ṣà á tán. Ipa ẹsẹ̀ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló wà nílẹ̀.

Ẹtu tẹ̀ ba, ó wo ipa náà dáadáa. Ó ní, "Mi ò ní lọ. Bí mo bá lọ báyìí, ọmọ onídọ̀tí ni wọn yóò máa pe àwọn ọmọ mi."

Ó kọrí sí ọ̀dọ̀ Òkété, onígbàjámọ̀ ìlú.

"Fá gbogbo irun ara mi."

"Nínú ọyẹ́ yìí? Òtútù yóò pa ọ́."

"Fá a."

"Wọn yóò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

"Wọ́n ti ń fi mí ṣe é. Má ṣẹ́ ẹyọ kan kù."

Òkété fá a láti orí dé ìrù. Ẹtu kó irun náà sínú iná. Ó fi aṣọ di ara rẹ̀ pátápátá, ojú àti imú nìkan ló hàn síta. Àwọn tó bi í léèrè, ó ní ọyẹ́ ni. Ọjọ́ méje ló fi ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ, tó ń gbé àwo, tó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Mo gbé omi, mo gbé oúnjẹ,
*Ọwọ́ mi mọ́.*
Òtútù mú mi, n ò jókòó,
*Ọwọ́ mi mọ́.*
Ẹni bá ń purọ́ mọ́ mi, yóò rẹ̀ ẹ́,
*Ọwọ́ mi mọ́.*

Ní ọjọ́ kẹjọ, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dé. Kò dá wá. Ọmọ Ìkookò ló fẹ́ fi ṣaya, ó wá pe Ìkookò, ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ wá jẹun. Àwo mẹ́rin ni. Ó ti rò ó pé yóò di mẹ́jọ.

Ìkookò dáhùn ìkíni Ẹtu. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Wọ́n jẹun. Nígbà tó kù díẹ̀, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rán Ẹtu lọ bu omi. Ó nawọ́ sí odò, ó ní, "Bàbá, ẹ wo ọkọ̀ tó ń bọ̀ yẹn." Bí àwọn mẹ́ta yíjú síbẹ̀, ó ju irun sínú àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ìyá Ẹfọ̀n, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ẹ lé e lọ, kí ẹ sì gbé àwo mẹ́rin mìíràn wá."

Ìyá Ẹfọ̀n jáde tòun ti ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ẹtu rọra gbé omi kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, irun ta ni?"

"Irun tìrẹ. Ta ló tún pupa báyìí níhìn-ín?"

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Bí mo ṣe ń rí ọ yìí."

Ẹtu tú gèlè. Ó tú aṣọ ọrùn. Ó jẹ́ kí ìyókù bọ́ sílẹ̀. Ara rẹ̀ ń dán bí igbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ha, kò sí ẹyọ irun kan níbẹ̀.

"Ọjọ́ kẹjọ rèé tí mo ti fá a," ni Ẹtu wí. "Òkété jókòó sí igun yẹn, ẹ bi í."

Òkété ní, "Èmi ni mo fá a."

Ìkookò mú irun kan nínú àwo rẹ̀. Ó gbẹ. Ó wo ẹni tó fẹ́ di àna rẹ̀. Ó ní, "Ṣí àpò rẹ." Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò ṣí i. Ìkookò gbà á, ó gbọ̀n ọ́n, irun pupa sì dà sórí tábìlì.

"Mo rò pé oúnjẹ lo pè wá wá jẹ, àṣé olè lo fẹ́ fi wá jà. Ẹni tó lè gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ opó, kí ni yóò fi ọmọ mi ṣe? N kò fi ọmọ fún ọ mọ́."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti ojú fèrèsé fò jáde. Láti ọjọ́ náà, kò sí ilé tó ń fún un ní àga. Bó bá rí oúnjẹ, yóò já a gbà ni, yóò máa sáré jẹ ẹ́, yóò sì máa wẹ̀yìn.

Ìyá Ẹfọ̀n gbé abọ́ tó tóbi jù lọ fún Ẹtu. "Má bínú, ọmọ mi."

"Mo gbọ́, ìyá. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ kí n dúró, ẹ tún òfin yín ṣe. Bí ẹnìkan bá fẹjọ́ mi sùn, ẹ gbọ́ tẹnu èmi náà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni."

Ìyá Ẹfọ̀n wo ara Ẹtu tó ń gbọ̀n. Ó ní, "Mo gbà."

Ẹtu wé aṣọ rẹ̀ padà. Ìkookò kò tíì ṣan ọwọ́, Ẹtu sì gbé omi lọ bá a.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹni tó gbé oúnjẹ fún ọ kì í ṣe ẹrú rẹ. Dá a lóhùn nígbà tó bá kí ọ, dúpẹ́ nígbà tó bá gbé e kalẹ̀, má sì fi ìka pè é. Ìwọ tí o sì ń gbé àwo, bí ọwọ́ rẹ bá mọ́, má sá fún òpùrọ́. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ni mo pa, ẹ má fún mi lómi mu. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, ẹ bu omi wá.