Ṣọ́ọ̀kì Tó Le

Ní ìlú Òkè-Ọsàn, ọkùnrin onípákó kan wà tí ń jẹ́ Adéníran. Ọkùnrin náà sanra, ohùn rẹ̀ sì ròkè débi pé bó bá ń kí aládùúgbò rẹ̀ láàárọ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ìjà ló dé. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́. Ohun méjì ló fẹ́ràn jù láyé: Àwẹ̀ró ìyá rẹ̀, àti ọkọ̀ jíìpù rẹ̀. Ìyá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Jíìpù náà kò kéré rárá. Bí a bá ní ká ka ọjọ́ orí ọkọ̀ bí a ṣe ń ka ti ènìyàn, kí n kúkú sọ ọ́ pé ẹgbẹ́ ìyá ni.

Ọmọ méje ni ìyá tó bí Àwẹ̀ró bí, àwọn méjì ló kù láyé: Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀, Àyọ̀ká, tó lọ́kọ sí ìlú Odò-Ẹ̀rìn. Àbúrò ló yẹ kó máa wá kí ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹsẹ̀ Àyọ̀ká kò gbé e mọ́, ẹ̀gbọ́n ló wá di ẹni tó ń lọ. Ìgbàkígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọn kì í dákẹ́. Wọ́n á jà, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún jà lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ẹni tó ń gbọ́ wọn. Bí Àwẹ̀ró bá ti ibẹ̀ bọ̀, ọ̀sẹ̀ odindi ni yóò fi máa kọrin nínú ilé.

Adéníran ló máa ń fi jíìpù gbé ìyá rẹ̀ lọ. Ní ìdílé wọn, àgbàlagbà kì í jókòó níwájú ọkọ̀. Iwájú, ti dẹ́rẹ́bà ni àti ti ẹni tí wọ́n lè rán níṣẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ni ibi ọlá. Adéníran tẹ́ ìrọ̀rí àrán síbẹ̀ fún ìyá rẹ̀, bó bá sì gbé e kọjá níwájú ọjà, á dín eré kù, á fọn fèrè ọkọ̀ kí gbogbo ayé lè rí bí ìyá òun ṣe jókòó bí olorì. Kò tíì sí ọjọ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ jókòó síbẹ̀. Kí ló fẹ́ wá débẹ̀?

Ọ̀nà Odò-Ẹ̀rìn yìí ńkọ́? Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kòtò ló pọ̀ ju ọ̀nà lọ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ kẹ́yìn, ńṣe ni Àwẹ̀ró di ìbàdí mú nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, tó sì ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

Ó ní, "Adéníran, ọmọ mi, mo dúpẹ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ tìrẹ náà ṣe é fún ọ. Ṣùgbọ́n mi ò wọ ọkọ̀ yìí mọ́."

"Háà, Màmá! Kí ló dé?"

"Ìbàdí mi ló dé."

Àwọn bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Odò-Ẹ̀rìn kò sàn ju jíìpù lọ, nítorí náà ìyá jókòó sílé. Ó pẹ́ títí, ó ń ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àbúrò kò ká òun lára. Lọ́jọ́ kan ni alágbàfọ̀ kan ti Odò-Ẹ̀rìn dé pẹ̀lú iṣẹ́ tí Àyọ̀ká rán an: "Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ojoojúmọ́ ló sì ń dínkù. Kó wá kí n ṣì lè rí i. Bó bá pẹ́ jù, ohùn rẹ̀ nìkan ni màá máa gbọ́."

Àwẹ̀ró gbọ́ iṣẹ́ náà. Oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, adìyẹ ló jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gún Adéníran lọ́kàn gan-an. Ó pinnu pé ìyá òun gbọ́dọ̀ rí àbúrò rẹ̀ kí ojú náà tó fọ́ tán, bó bá gbà kí òun tún jíìpù yẹn ṣe látòkè délẹ̀.

Ló bá wà á lọ sọ́dọ̀ Múfútàù, mẹkáníìkì rẹ̀. Múfútàù fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tú u sílẹ̀. Ìdí ọkọ̀ lọ sókè, ó wá sílẹ̀, ó tún lọ sókè, kò fẹ́ dúró.

"Ọ̀gá, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti kú," ni Múfútàù wí. "Òun ló yẹ kó di ọkọ̀ mú kó má máa fò bó bá kó sí kòtò. Òróró inú rẹ̀ ti jò tán."

"Ti iwájú ńkọ́?"

"Ti iwájú ò ní nǹkan kan. Ẹ̀yin náà lẹ ní ó ń dà yín láàmú, tí a fi pààrọ̀ rẹ̀."

Òótọ́ ni. Ẹni tó jókòó síwájú ló pààrọ̀ ti iwájú. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ibi tó ń ta ènìyàn ló ń họ.

Adéníran kọrí sí ṣọ́ọ̀bù Gbádébọ̀, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Gbádébọ̀ kó ṣọ́ọ̀kì síta, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ wò ó, Bàbá. Tòkunbọ̀ nìyí, mi ò lè búra fún un. Èyí, tuntun ni, ó rọ̀. Èyí náà, tuntun ni, ó le."

"Ó rọ̀ kẹ̀?" Adéníran wo ṣọ́ọ̀kì náà bí ẹni ń wo ẹja tó ti ń jẹrà. "Gbádébọ̀, ṣé o ti gbàgbé pé pákó ni mò ń tà? Pákó tó bá rọ̀, kòkòrò ló ni ín. Èyí tó le ni kí o fún mi."

"Bàbá, ó le o."

"Kó le!"

"Ó le gan-an ni mo ń wí."

"Ìyá mi ni mò ń gbé, kì í ṣe ìyá ẹlòmíràn. Gbé èyí tó le jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ wá!"

Ẹ ò rí nǹkan! Èdè wa dùn, àmọ́ ó máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà mìíràn. Le tí onípákó ń wí, ohun tí kì í tètè bàjẹ́ ni. Le tí Gbádébọ̀ ń wí, ohun tí kì í tẹ̀ ni. Oníkálukú wọn mi orí sí ẹnìkejì, wọ́n kí ara wọn pé ó dàbọ̀, kò sì sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn.

Múfútàù de ṣọ́ọ̀kì náà mọ́ ọkọ̀. Òun àti Adéníran wọ inú rẹ̀, àwọn méjèèjì níwájú, wọ́n wà á yí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ká. Adéníran pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ó dúró digbí!" Múfútàù náà ní digbí ni. Wọ́n bá lọ gbé ìyá láti tọ́ ọ wò.

Wọn ò tíì dé orígun àdúgbò tí ìyá fi ké. Gèlè rẹ̀ ti kan òrùlé ọkọ̀, ó ti ṣí bò ó lójú. "Dúró! Adéníran, mo ní kí o dúró! Ṣé o fẹ́ kí n lọ bá bàbá rẹ lọ́run ni?"

Adéníran bọ́ sílẹ̀, ó la ẹnu. "Màmá, tuntun ni o! Èyí tó le jù lọ ni mo rà!"

"Mo mọ̀ pé ó le. Ìdí mi ti sọ fún mi."

Ó dun Adéníran. Gbogbo wàhálà tó ti ṣe! Ni inú bá bí i, ló bá sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. "Màmá, ẹ má bínú, kì í ṣe ọkọ̀ o. Ọjọ́ orí ni. Ṣebí inú ọkọ̀ kan náà lèmi náà wà, nǹkan kan ò ṣe mí."

Múfútàù sáré wo ibòmíràn. Ìyá tún gèlè rẹ̀ wé jẹ́jẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ kan náà? Ó dáa. Múfútàù, gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ. Adéníran, bọ́ sẹ́yìn, orí ìrọ̀rí mi."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá?"

"Iwájú ni mò ń lọ."

"Èèwọ̀! Kí làwọn ènìyàn á wí?"

"Wọ́n á wí pé mo jókòó."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ọ̀nà ọjà lọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn rí ìyá níwájú, wọ́n hó yèè. Ẹnìkan pariwo pé, "Ẹ wá wò ó, ìyá Adéníran ti di kọndọ́tọ̀!" Ìyá ju ọwọ́ sí wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n kó sí kòtò kìíní. Gbàgà! Orí Adéníran kan òrùlé, fìlà rẹ̀ fò sídìí ẹsẹ̀.

"Yéè! Múfútàù, rọra!"

Ìyá kò bojú wẹ̀yìn. "Múfútàù, kí ló ń ṣe ọ̀gá rẹ?"

"Màmá, ó jọ pé ọjọ́ orí ni."

Wọ́n tún kó sí òmíràn. "Ó le o! Ẹ gbà mí, ó le!" ni Adéníran ń ké.

"Tuntun ni," ni ìyá dáhùn. "Ṣebí o ní kó le."

Nígbà tí wọ́n fi máa dé ibi afárá, Adéníran ti ń pe orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú pé kó gba òun sílẹ̀. Ìyá ní kí Múfútàù dúró. Ọkùnrin ńlá náà sọ̀kalẹ̀, ó di ìbàdí mú, kò lè nà tán. Ibẹ̀ ló ti wá yé e. Gbogbo ìgbà tó ń fọn fèrè níwájú ọjà, tó ń yangàn, ìyá rẹ̀ ló ń gba gbogbo kòtò náà sára lẹ́yìn rẹ̀, tó sì ń ṣàdúrà fún un. Ojú tì í, àánú ìyá sì ṣe é débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ibi tí mo pè ní ibi ọlá, ibi ìyà ni."

"O ò mọ̀ ni. Dìde, aṣọ rẹ ń dọ̀tí."

Wọ́n padà sọ́dọ̀ Gbádébọ̀. Òun ló ṣàlàyé fún wọn pé àwọn tó ń kó sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń ra èyí tó le yẹn. Ẹrù ló ń tẹ̀ ẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, ńṣe ló ń gan bí igi. "Màmá yìí ò sì wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì kan," ló wí. "Mo sì sọ fún yín pé ó le!"

Adéníran kò bèèrè le, kò bèèrè rọ̀ mọ́. Ó ní, "Gbádébọ̀, èyí tí ọkọ̀ á kó sí kòtò tí ìyá mi ò ní mọ̀ ni kí o fún mi." Gbádébọ̀ na ọwọ́ sí èyí tó rọ̀. Nígbà tí Múfútàù dè é tán, Adéníran fúnra rẹ̀ ló gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé ife ògì gbígbóná kan dání. Múfútàù wà á gba gbogbo ọ̀nà yẹn. Ó mu ògì náà tán, kò dà sí i láyà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ sí Odò-Ẹ̀rìn. Oorun ni Àwẹ̀ró sùn dé ẹnu ọ̀nà àbúrò rẹ̀. Àyọ̀ká fi ọwọ́ gbá ojú rẹ̀ mú, ó fà á súnmọ́ ara rẹ̀, ó wò ó títí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí yín! Ẹ ti gbó o!"

"Ìwọ náà, àwò-rẹ́rìn-ín ni ọ́," ni Àwẹ̀ró wí, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìjà wọn.

Ọkọ Àyọ̀ká àti àwọn àgbà tó jókòó tì í kí Adéníran kú ewu ọ̀nà. Wọ́n bi í pé, "Ọmọ wa, ṣé ọ̀nà yìí ti wá dára ni?"

Adéníran dọ̀bálẹ̀, ó nàka sí ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má bi mí léèrè. Iwájú ni mo jókòó. Ẹ bi wọ́n."

Àwọn àgbà wo ara wọn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ńlá ni ọmọ yìí sọ. Wọ́n gbé e dé ààfin, wọ́n gbé e dé ìpàdé ẹbí. Títí dòní, ní Òkè-Ọsàn àti Odò-Ẹ̀rìn, bí olórí kan bá dìde tó ní ara tu gbogbo ìlú nítorí pé ara tu òun, ohun tí àwọn àgbà fi ń dá a jókòó ni pé: ẹni tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ló mọ bí kòtò ṣe jìn tó.