Ìdí Tí Ọsàn Fi Ń Gbọn Ọmọ Rẹ̀ Sílẹ̀

Nígbà láéláé, kí igi tó mọ̀ pé òǹgbẹ wà láyé, Ọsàn kì í sọ ọmọ nù. Òdòdó tó bá ti yọ, èso ni yóò dà. Èso tó bá sì ti so, orí igi ni yóò pọ́n sí.

Ọsàn àti Máńgòrò ló ń gbé létí odò kékeré kan tó ń jẹ́ Adùnmu. Máńgòrò ni ẹ̀gbọ́n. Lọ́dún tí ọ̀dá kọ́kọ́ dá, Adùnmu fà títí òkúta inú rẹ̀ fi hàn síta. Ó bá pe àwọn igi méjèèjì.

"Omi mi ò tó yín mọ́," ló wí. "Ẹnì kan yóò gbààwẹ̀ oṣù méjì, kí ẹnì kejì máa mu. Lẹ́yìn náà, ẹ ó pààrọ̀. Ta ni yóò kọ́kọ́ gbà á?"

Máńgòrò wo ẹ̀ka ara rẹ̀. Kò sí òdòdó kankan níbẹ̀.

"Èmi ni," ló dáhùn. "Nísinsìnyí tí mi ò gbé nǹkan dání, ìyà tó bá jẹ mí, èmi nìkan ló jẹ. Àbúrò mi, ìwọ náà rò ó o. Ṣé ká bẹ Adùnmu kí àwa méjèèjì jọ gbààwẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ báyìí, kí òdòdó tó dé?"

Ọsàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí i bó ṣe ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣẹ̀sín!

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà! Kómi wà nílẹ̀ kí n máa wò ó? Ẹ jẹ́ kí n mu tèmi ná. Bó bá kàn mí, màá gbà á. Mo ṣèlérí."

Oṣù méjì gbáko ni Máńgòrò fi gbààwẹ̀. Ewé rẹ̀ rọ, èèpo rẹ̀ gbẹ, ọyẹ́ sì ń fẹ́ ẹ lára. Ọsàn ní tirẹ̀ ń mu àmuyó. Ó tanná funfun, ó so igba ọmọ tí wọn ò tóbi ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ, ó sì sọ gbogbo wọn lórúkọ.

Oṣù méjì pé. Máńgòrò ki gbòǹgbò bọ omi. Kò pẹ́ tí òdòdó fi bo gbogbo ara rẹ̀.

Ó wá kan Ọsàn. Ó ké sí odò.

"Adùnmu, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ wà lọ́wọ́ mi!"

"Mo rí wọn," ni odò náà wí, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. "Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bí mo bá fún ọ, kí ni màá fún Máńgòrò tó ti gba tirẹ̀ kọjá?"

Ọsàn fa gbòǹgbò rẹ̀ kúrò nínú omi. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ní ọjọ́ kẹta, ewé rẹ̀ ká jọ. Ní ọjọ́ karùn-ún, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ìyá, òǹgbẹ! Ìyá, omi!"

Ó fún wọn ní omi tó wà nínú ewé rẹ̀. Kò tó. Ó fún wọn ní ti ẹ̀ka. Kò tó. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, omi tó kù lára rẹ̀ kò ju ohun tí ogún ọmọ lè mu lọ. Bó bá pín in yí igba ká, gbogbo wọn ni yóò kú. Máńgòrò ń wò ó, àánú ṣe é, ṣùgbọ́n òun náà ti lóyún sínú.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ forí jì mí," ni Ọsàn wí. "Èmi ni mo mu omi yín tán kí ẹ tó dé."

Ó ń pe orúkọ wọn, ó sì ń tú ọwọ́ lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Po. Po. Po. Ogún péré ló kù lórí igi.

Láti ọjọ́ náà ni máńgòrò ti máa ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀ kó tó tanná. Láti ọjọ́ náà náà ni ọsàn, bí omi bá wọ́n ọn nígbà tí ọmọ ṣì kéré, ti máa ń gbọ̀n wọ́n sílẹ̀. Bí ẹ bá rí ọsàn wẹ́wẹ́ nídìí igi lásìkò ọ̀dá, ẹ má fi wọ́n ṣeré. Ẹ sáré lọ pọnmi wá. Àwọn tó kù lókè ń bẹ̀rù pé ìyá wọn lè pe orúkọ tiwọn.