Àáró Tí Erin Bá Àwọn Òkété Ṣe

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀ gbìrì, ó ń wá ibi tí yóò bà lé. Ó bà lé Erin lẹ́yìn, Erin ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan bà lé òun. Ó fò kúrò níbẹ̀, ó bà lé Òkété lórí, Òkété sì wó lulẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e dìde, ká gbọ́ ohun tó rí.

Ní ìgbà kan rí, àwọn òkété tẹ ìlú kékeré kan dó, orúkọ rẹ̀ ni Ìdí-Ọ̀pẹ. Baálẹ̀ wọn jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́. Kò lè purọ́, kò sì tètè ń fura. Bí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú, a máa fa tubọmu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ẹ̀kùrọ́, ló ń tọ́jú àká ìlú. Ibẹ̀ ni iṣu jíjẹ wà, ibẹ̀ náà ni èèbù tí wọn yóò gbìn wà.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, àìsàn mú ìlú, ọwọ́ tó ń roko ò tó nǹkan. Òjò fẹ́ dé, ebè tó wà nílẹ̀ ò ju ogún lọ. Bí òjò bá dé tí èèbù ò sí nínú ebè, ebi ni yóò bá wọn ṣọdún.

Ìgbà náà ni Ìjàpá dé. Ó de fìlà, ó ní ikọ̀ Erin ni òun.

"Baálẹ̀, Erin, ọba igbó ńlá, ní kí n kí yín. Ó gbọ́ pé iṣẹ́ wọ̀ yín lọ́rùn. Ó ní òun fẹ́ bá yín ṣe àáró."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ lè má mọ àáró. O wá bá mi roko lónìí, èmi náà á wá bá ọ roko lọ́la. Ẹni tó ni oko ọjọ́ náà ni yóò bọ́ àwọn tó wá, títí wọn yóò fi yó. Ìtìjú ńlá ni kí wọ́n fi ebi lọ.

Baálẹ̀ fa tubọmu. "Ìjàpá, ẹgbẹ́ ẹni là ń bá ṣe àáró. Báwo ni èmi àti Erin ṣe di ẹgbẹ́?"

"Háà, Baálẹ̀! Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọ̀rẹ́ la fẹ́ bá yín ṣe."

"Erin á wá ní ọjọ́ kan, àwa náà á lọ ní ọjọ́ kan?"

"Rárá o. A ò ní ka ọjọ́, ebè la ó kà. Iye ebè tí Erin bá kọ fún yín, iye ẹ̀ náà lẹ ó kọ fún un. Ṣé ìrẹ́jẹ wà ńbẹ̀?"

Baálẹ̀ yí ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, kò rí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, kò sì mọ ìdí. Ó ní ó dáa.

Ẹ sún mọ́bí kí n sọ ohun tí Baálẹ̀ ò gbọ́. Ìjàpá ti sọ fún Erin pé, "Ẹ sáà fi òwúrọ̀ kan làágùn. Àwọn òkété yóò wà lóko yín títí òjò yóò fi dé, títí yóò fi lọ. Èmi alárinà, kí n ṣáà máa kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ wò níhà méjèèjì."

Ilẹ̀ mọ́, Erin dé, tòun tìyàwó àti ọmọ mẹ́fà. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀, wọ́n fi ọwọ́jà kó o jọ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹgbẹ̀rin ebè ti dúró. Àwọn òkété ń jó. Baálẹ̀ náà jó díẹ̀.

Erin wá jókòó. "Ó yá, ebi ń pa wá."

Wọ́n gbé iṣu jíjẹ jáde. Erin kì í dúró de iná, tútù ló ń jẹ ẹ́. Ìjàpá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó tọ́ odidi apẹ̀rẹ̀ kan wò tán. Erin àti ìyàwó rẹ̀ jẹ ìyókù. Àwọn ọmọ mẹ́fà ò tíì fẹnu kan nǹkan, wọ́n ń ké.

Ìyá Ẹ̀kùrọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà àká. "Ó tán o. Èèbù ló kù."

Ìjàpá mọ́ ọ lójú. "Ẹ fẹ́ kí ẹni tó bá yín ṣiṣẹ́ fi ebi sùn? Kí ni ayé yóò máa pe Ìdí-Ọ̀pẹ?"

Ojú ti Baálẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó èèbù jáde. Àwọn ọmọ Erin jẹ ẹ́ tán. Erin nu ẹnu, ó ní, "Ẹ ṣé o. Láti òní lọ, ọ̀rẹ́ ni wá." Wọ́n lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Baálẹ̀ ń rìn láàárín ebè. Kò rí irú ebè tó dára bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, kò sì ní nǹkan kan tí yóò gbìn sínú rẹ̀. Ó dá orin, gbogbo ìlú ń gbè é. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló bá wa kọ ebè?
*Erin ni, Erin.*
Ta ló jẹ èèbù wa tán?
*Erin ni, Erin.*
Ṣé ká dúpẹ́ ni, àbí ká sunkún?
*A ò mọ̀, a ò mọ̀.*

Ní ọjọ́ kẹta, Ìjàpá padà dé. "Ó kan oko Erin."

"Èèbù tí a máa gbìn ńkọ́?"

"Erin yóò fún yín. Ẹ sáà fi irinwó ebè kún ẹgbẹ̀rin tí ẹ máa kọ."

Baálẹ̀ fa tubọmu títí ó fi dùn ún. "Èèbù tiwa yẹn ni, àbí èèbù tirẹ̀?"

"Tirẹ̀ ni. Tiyín ti tán."

Orí Baálẹ̀ dàrú. Ó ní kí òun kọ́kọ́ ṣe ti àkọ́kọ́ ná, bóyá yóò yé òun tó bá yá.

Gbogbo ìlú, tọmọdé tàgbà, tú lọ sóko Erin. Ebè Erin ga ju ilé wọn lọ. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ láti àárọ̀ di ọjọ́rọ̀, ebè márùn-ún ni wọ́n rí kọ. Wọ́n wá jókòó, wọ́n fọwọ́, wọ́n ń wo Erin.

"Kí lẹ ń wò?" Erin bi wọ́n.

Baálẹ̀ dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ má bínú. Bóyá èmi ni mi ò mọ àáró dáadáa. Nígbà tí ẹ parí iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ẹ jókòó, a gbé oúnjẹ wá. Ṣé tiyín yàtọ̀ ni?"

Ẹfọ̀n àti Ìgalà wà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n na etí. Erin wo Ìjàpá. Ìjàpá wo ilẹ̀. Kò sí bí Erin ṣe lè sọ pé tòun yàtọ̀. Ojú ti òun náà, ó ní kí wọ́n gbé iṣu wá.

Ẹ mọ̀ pé òkété ní àpò lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìyá Ẹ̀kùrọ́ rìn láàárín wọn, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ẹ jẹ ìdí iṣu, ẹ fi orí rẹ̀ pamọ́ sẹ́nu." Orí iṣu, ṣebí òun là ń gbìn?

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Baálẹ̀ ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló wú. "Ṣé ẹ ń bínú sí mi ni?"

"Mmm," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, Erin wo inú àká rẹ̀, ó rí ilẹ̀. Ó pe Ìjàpá àti Baálẹ̀. "Ebè mélòó ló kù?"

"Òjìdínlẹ́gbẹ̀rin, Kábíyèsí."

"Oṣù mélòó nìyẹn?"

"Bí oṣù márùn-ún."

Erin pariwo. "Oṣù márùn-ún, kí n máa bọ́ odidi ìlú? Èmi ni mo ràn wọ́n lọ́wọ́! Báwo ló ṣe wá di pé èmi ni mò ń bọ́ wọn?"

"Ohun tó ń rú èmi náà lójú nìyẹn, Kábíyèsí," Baálẹ̀ wí, tọkàntọkàn ló sì fi sọ ọ́.

"Mo fi ìyókù jì yín. Ẹ máa lọ."

"A ò tíì parí o! Ọmọlúàbí kì í jẹ àáró mọ́lẹ̀. A ó padà wá lọ́la, gbogbo wa."

"Mo bẹ̀ yín," ni Erin wí. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Ìjàpá ti ń yọ́ lọ. Erin na ọwọ́jà, ó gbá a mú. "Ìwọ tó tọ́ ọ wò níhà méjèèjì, wá kọ ìyókù." Ẹfọ̀n bú sẹ́rìn-ín lẹ́bàá ọ̀nà: "Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé!" Erin ò mọ̀ bóyá Ìjàpá ló ń bá wí, tàbí òun.

Ní Ìdí-Ọ̀pẹ, wọ́n gbin orí iṣu tí wọ́n ti kó jọ láti ọjọ́ kìíní. Nínú ẹgbẹ̀rin ebè, ọgọ́rùn-ún péré ni kò rí nǹkan. Òjò ń kù.

"Ìyá Ẹ̀kùrọ́," Baálẹ̀ wí, "sọ òótọ́ fún mi. Ṣé Erin ràn wá lọ́wọ́, àbí kò ràn wá lọ́wọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ tu orí iṣu kan tó kù lẹ́nu rẹ̀ sí i lọ́wọ́. "Gbin eléyìí ná," ó wí. Baálẹ̀ gbìn ín.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí alágbára bá ní òun ń bọ̀ wá ràn ọ́ lọ́wọ́, kí i dáadáa, ṣùgbọ́n kí o tó ṣílẹ̀kùn, bi í pé inú àká ta ni yóò ti jẹun. Bí kò bá sì yé ọ, bèèrè lójú gbogbo ayé. Ẹni tó bá ń bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ lọ bi Ìjàpá. Ó wà lóko Erin, kò tíì parí.