Làálì Màmá Rábì

Ní gbogbo àdúgbò, kò sí obìnrin tó mọ́ tónítóní tó Màmá Rábì. Òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀, Múínátù ọmọ ọdún mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ sí í họ ìdí, tí kò rí oorun sùn, màmá ní, "Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹ gba ṣúgà lọ́wọ́ ẹ̀."

Wọ́n gba ṣúgà, ọmọ ṣì ń họ ìdí. Ìyá rẹ̀ yẹ ìdí náà wò ní ìdájí, ló bá rí aràn funfun tín-ín-rín bí òwú. Ni tọmọ tìyá àti màmá bá gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ.

Nọ́ọ̀sì ní, "Gbogbo ilé ni yóò lo oògùn lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ó tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gé èékánná, kí ẹ sì fọ aṣọ ibùsùn."

Màmá fárígá. "Èmi náà? Ilé ọ̀bùn ni aràn ń gbé!"

"Màmá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀bùn. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Abẹ́ èékánná ni ẹyin aràn ń sá sí. Ta ló ń fọwọ́ bọ́ ọmọ yìí?"

Màmá wo èékánná gígùn tó fi làálì kùn. Òun ló ń fún un ní òkèlè láràárọ̀.

Ó gbórí sókè. "Ẹ bá mi wá abẹ. Èmi ni n ó kọ́kọ́ gé tèmi, èmi náà ni n ó kọ́kọ́ lo oògùn. Ẹnì kan ò ní mọ́ jù mí lọ nínú ilé yẹn!"