Ẹ̀kọ Tí À Ń Rò Lọ́wọ́

"Ẹ̀kọ tí à ń rò lọ́wọ́ kì í jẹ́ ká mọ bó ṣe ki." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń rú àlejò lójú. Ta ló tún yẹ kó mọ bí ẹ̀kọ ṣe ki ju ẹni tí orógùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ? Ẹfúnṣeyè náà rò bẹ́ẹ̀ rí.

Aládìrẹ ni Ẹfúnṣeyè. Ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ń ya iṣẹ́ sára aṣọ kó tó wọ aró, òun nìkan ló ń rò ó nílé. Bí Àwẹ̀ró, aya ọmọ rẹ̀, bá ti mú ìyẹ́ adìyẹ láti ya iṣẹ́, ìyá ọkọ á dúró lé e lórí.

"Fà á kó tọ́! Kí ló ń gbọ̀n lọ́wọ́ ẹ? Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

Ọwọ́ Àwẹ̀ró á túbọ̀ máa gbọ̀n, ilà á wọ́. Ẹfúnṣeyè wá dájọ́ pé, "Omi lásán ni ìyàwó yìí. Bí a bá ti parí aṣọ tí Olorì gbé fún wa, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀." Àwẹ̀ró gbọ́. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì dùn ún dé eegun.

Àṣà wọn ni pé bí ẹ̀kọ bá jinná, wọn á dé e kó sinmi títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n tó fi orógùn gbé e wò. Bó bá kán lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dá, ó tó. Lọ́jọ́ aṣọ Olorì, Ẹfúnṣeyè ń kánjú. Ó ń rò ó kíkankíkan, ó gbé orógùn sókè, ẹ̀kọ ń ṣàn. Ó da láfún sí i. Ó tún rò ó, ó ṣì ń ṣàn. Ó da ìyókù sí i.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kó sinmi ná."

"Ìwọ tí o ò lè fa ilà kan?"

Ó fi orógùn sílẹ̀, ó lọ mumi. Kó tó dé, orógùn ti dúró ṣánṣán láàárín ìkòkò láìsí ẹni tó dì í mú. Ìyẹ́ adìyẹ mẹ́ta ló ṣẹ́ sínú rẹ̀. Wọ́n bu díẹ̀, wọ́n bomi là á, ó di kókó. Láfún ti tán, ọjà di ọ̀túnla, aṣọ sì gbọ́dọ̀ wọ aró lọ́la. Ẹfúnṣeyè káwọ́ lérí.

Àwẹ̀ró di orógùn mú, ó rò ó. Ẹ̀kọ rọ̀. Ó dáwọ́ dúró, ẹ̀kọ le.

"Ìyá, ẹ gbà. Ẹ máa rò ó, kí n máa yà á. Ẹ má dáwọ́ dúró o."

Láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn fi rọ̀, Ẹfúnṣeyè ń ro ẹ̀kọ. Bó bá la ẹnu pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dẹ̀, Àwẹ̀ró á sì sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ìyá, ó ń dì." Ó panu dé. Látìgbà tí ìyàwó ti wọlé, ọjọ́ náà ni ilé kọ́kọ́ dákẹ́.

Nígbà tí Àwẹ̀ró gbé ìyẹ́ sílẹ̀, Ẹfúnṣeyè wo aṣọ. Ẹyẹ, ewé, àkekèé. Ilà kan ò wọ́. Ojú tì í.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wo ọwọ́ yín."

Ìyá ọkọ fi orógùn sílẹ̀. "Ọdún mẹ́ta ni mi ò fi jẹ́ kí o sinmi," ló wí, "mo wá ń pè ẹ́ lómi."

Àwẹ̀ró ò lọ síbì kankan. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni Ẹfúnṣeyè ò fi lè gbé ọwọ́ dé ẹnu, Àwẹ̀ró ló ń fún un lóúnjẹ. Láti ọjọ́ náà, bí ìyá ọkọ kan bá dúró lé ìyàwó lórí ládùúgbò, Ẹfúnṣeyè á ké sí i látòdìkejì ọ̀nà pé: "Rọra o! Ẹ̀kọ tí à ń rò lọ́wọ́ kì í jẹ́ ká mọ bó ṣe ki."