Bí Ìgbórè Ṣe Kún fún Olúgbòdì

Òṣùpá ti gòkè. Ìyá Àgbà ti tẹ́ ẹní síwájú ilé, àwọn ọmọ agboolé sì ti yí i ká.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ṣé ohùn tí ẹ fi ń tọrọ ẹran nìyẹn? Mo ní, ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀ o!"

"Ó dáa. Morónfólú, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lára àbúrò rẹ. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó rìn títí, ó dúró lórí orúkọ kan, lórí ìyá kan tó ń jẹ́ Àrìnpé, àti lórí ìlú kan tí ọgbọ́n rẹ̀ kò tó nǹkan."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń pọn omi lódò kan náà, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìgbórè. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan níbẹ̀ tó ní ìka mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìka kẹfà yìí kéré, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ bí ẹni tó ṣì ilé yà.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Ó ti mú orúkọ rẹ̀ tọ̀run wá. Bí a ṣe ń pe ọmọ tó fi ẹsẹ̀ wáyé ní Ìgè, bẹ́ẹ̀ ni a ń pe ọmọ oníka mẹ́fà ní Olúgbòdì. Agbẹ̀bí á wo ọwọ́ ọmọ, á ní, "Ẹ kú oríire, Olúgbòdì dé." Ó parí.

Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò wu ẹnikẹ́ni nígbà náà. Bí Olúgbòdì bá na ọwọ́ sí oúnjẹ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, "Olúgbòdì, ìka kẹfà yẹn, ta ló pè é síbi ọbẹ̀?" Ọmọ náà á sunkún relé.

Bẹ́ẹ̀ ló wà títí Erin fi bẹ̀rẹ̀ sí í sín.

"Kí ló kó sí i nímú?" Morónfólú béèrè.

"Ìkarahun ìgbín ni. Ó ń mu omi lódò ló fà á wọlé. Bí Erin bá ti ní 'Hààṣíì!' báyìí, òrùlé àdúgbò kan á fò lọ. Òrùlé ààfin náà fò, inú oòrùn ni ọba ti ń dá ẹjọ́."

Àwọn alágbára ìlú ti ọwọ́ bọ imú Erin, ọwọ́ wọn tóbi jù. Wọ́n fi igi wá a, Erin bínú, ó tún sín. Ni Olúgbòdì bá sún mọ́ ọn. Ó rọra ti ìka kẹfà bọ imú rẹ̀, ó fi kọ́ ìkarahun, ó fà á jáde. Erin mí kanlẹ̀. Gbogbo ìlú mí kanlẹ̀. Ọba fi Olúgbòdì joyè, ó fún un nílẹ̀, Erin fúnra rẹ̀ ló sì bá a ṣán oko.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo ayé. Àwọn tó ń fi ìka ṣe yẹ̀yẹ́ lánàá ni wọ́n ń sọ pé, "Ṣé ẹ rí i? Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé nǹkan wà nínú ìka yẹn."

Kí oṣù tó yí, kò sí aboyún tí kò fẹ́ bí Olúgbòdì. Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: àwọn ọmọ kò gbà. Ìka márùn-ún, márùn-ún ni wọ́n ń mú bọ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló wá ojútùú sí i. Ó ní ẹ̀pà tó jí kó lóko olóko. Á mú ẹ̀pà tí wọn kò tíì pa, tó rí gbọọrọ, á fi osùn kùn ún, á fi òwú so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọmọ ìkókó. Tí o bá wò ó lókèèrè, ìka ni. Ọ̀bọ tó jẹ́ agbẹ̀bí ìlú á gba iṣu tirẹ̀, á di ojú kan, á ní, "Ẹ kú oríire, Olúgbòdì dé."

Kò pẹ́, Olúgbòdì kún ìta. Bí ìyá kan bá pe Olúgbòdì kó wá wẹ̀, gbogbo àdúgbò á sáré dé. Ewúrẹ́ bímọ, ó pè é ní Olúgbòdì. Ìgbín bímọ, òun náà pè é ní Olúgbòdì.

"Ìgbín kẹ̀?" Àlàmú pariwo láàárín àwọn ọmọ. "Níbo ni ìgbín ti rí ọwọ́?"

"Ìwọ ló mọ̀ ọ́n bi. Ní Ìgbórè, wọn ò bi í o. Wọ́n bá a jẹ, wọ́n bá a mu, wọ́n kí i kú ewu ọmọ."

Wàyí o, Àrìnpé. Ó pẹ́ tí Àrìnpé ti ń wá ọmọ. Irun orí rẹ̀ ti ń funfun kó tó lóyún. Nígbà tó máa bí i, ọkùnrin ló bí, ara ọmọ náà le, igbe rẹ̀ ń dún. Àrìnpé wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó pé. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó pé. Ó bú sẹ́kún ayọ̀.

Láṣebìkan ọkọ rẹ̀ wọlé. Láṣebìkan yìí, bí ará ilé kejì bá ra fìlà, kò ní lè sùn. Ó tú ọwọ́ ọmọ wò, ojú rẹ̀ fà ro.

"Márùn-ún péré?"

"Olówó orí mi, mélòó ló wà lọ́wọ́ tiyín?"

"Tèmi kọ́ là ń sọ! Mo ti sọ láàfin pé Olúgbòdì ń bọ̀ nílé mi. Mo ti ránṣẹ́ sí Olóyè fúnra rẹ̀ pé kó wá gbé ọmọ tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Ṣé kí n wá fi márùn-ún hàn án?"

Ó ránṣẹ́ pe Ọ̀kẹ́rẹ́. Nítorí pé ènìyàn ńlá ń bọ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ so ẹ̀pà náà le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó yí òwú mọ́ ọrùn ọwọ́ ọmọ, ó tún un yí, ó fà á pinpin, kí ìka má baà já bọ́ lójú àlejò.

Ọmọ figbe ta. Ó ń ké láàárọ̀, ó ń ké lálẹ́. Àrìnpé ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tú òwú náà.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyàwó, kì í ṣe ẹkún o. Ohùn olóyè nìyẹn."

Àwọn aládùúgbò ní, "Olúgbòdì gidi kì í dákẹ́."

Láṣebìkan ní, "Ọjọ́ kẹjọ ò jìnnà mọ́. Fara dà á."

"Ṣé òun ni wọ́n so?" Àlàmú béèrè.

"Bá mi bi wọ́n o, ọmọ mi. Ohun tí èmi náà ń sọ nìyẹn."

Ọjọ́ ń lọ, ọwọ́ ń wú. Ó kọ́kọ́ pọ́n, nígbà tó yá ó ń dúdú. Ọmọ tó ń ké tẹ́lẹ̀ kò ké mọ́, ó kàn ń kérora. Ẹ̀rù wá ba Àrìnpé gan-an. Ó gbé ọmọ mọ́ àyà, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹ bá mi gbè é.

*Ọmọ mo wá, mo wá, mo rí,*
*Tẹ́rẹ́ńjẹ́!*
*Ọwọ́ tó mú wá ló pé,*
*Tẹ́rẹ́ńjẹ́!*
*Wọ́n ní ó ṣì ku ọ̀kan,*
*Tẹ́rẹ́ńjẹ́!*
*Ọ̀kan tó kù fẹ́ gba márùn-ún,*
*Tẹ́rẹ́ńjẹ́!*

Ọjọ́ kẹjọ pé. Ilé kún. Oyin wà nílẹ̀, iyọ̀ wà nílẹ̀, obì àti omi tútù wà nílẹ̀. Olóyè Olúgbòdì jókòó sí ipò ọlá. Baálé agboolé gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó tú aṣọ funfun tí wọ́n fi wé ọwọ́ náà, ó gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí ìka kẹfà. Ariwo ayọ̀ sọ.

Adìyẹ kan wà tó ń ṣa èérún kiri ibẹ̀. Adìyẹ kò mọ olóyè, kò mọ orúkọ. Ẹ̀pà ló mọ̀. Ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀pà, ó fò, ó já a gbà, ó sá jáde.

"Yéè! Adìyẹ gbé ìka ọmọ lọ!"

Ilé tú ká. Láṣebìkan ló ṣíwájú, agbádá rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e. Ọ̀bọ gun igi kó lè rí ibi tí adìyẹ gbà. Baálé gbé ọmọ lé Àrìnpé lẹ́sẹ̀, òun náà ki eré mọ́lẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Gbogbo ìlú ń lé ìka tí kì í ṣe ìka. Kò sí ẹni tó bojú wo àwọn ìka gidi tó ṣẹ́ kù.

Àrìnpé wò wọ́n. Òwú ti wọ inú ẹran ara ọmọ, ìka márààrún ti tutù. Inú bí i dé góńgó. Olóyè nìkan ló kù nínú ilé.

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ọmọ mú."

Ó mú ọ̀bẹ tí wọ́n fẹ́ fi pa ẹran. Ó rọra ti ẹnu ọ̀bẹ náà sábẹ́ òwú, ó gé e. Òwú já. Olóyè bu àdí, ó ń fi pa ọwọ́ ọmọ, ó ń fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò sí nǹkan kan. Ó tún fún un. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀, àtàǹpàkò mì. Àwọn yòókù mì tẹ̀lé e. Ọmọ lanu, ó fi igbe bọnu, Àrìnpé náà sì bá a sunkún.

Olóyè wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ìyá ọmọ, mo ti sunkún nítorí ìka yìí kọjá sísọ. Nígbà yẹn, kò sí ẹni tó ní òun fẹ́ yá a lò."

Àwọn tó lé adìyẹ padà dé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Láṣebìkan na ààbọ̀ ẹ̀pà sókè.

"A ti gbà á o! Ẹ wá so ó padà!"

"Ẹ so ó mọ́ ara yín," ni Àrìnpé wí.

Láṣebìkan sún mọ́ ọmọ, ó rí ojú ọgbẹ́ tó yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ po. Ẹ̀pà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Baálé wú ikọ́. "Kí ni ká wá pe ọmọ?"

Àrìnpé kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Láti ọjọ́ yìí wá, ilé Olóyè ni gbogbo yín ń wò. Èmi wo ilé tèmi, òwú ni mo bá lọ́wọ́ ọmọ mi. Òwú náà ti já, ọmọ mi sì kù fún mi. Ẹ máa pè é ní Òwújá."

Wọ́n fi oyin kàn án lẹ́nu. Òwújá ló jẹ́.

Ọwọ́ Òwújá san. Ìròyìn rẹ̀ kan gbogbo ilé. Àwọn ènìyàn ní, "Òwújá! Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn lẹ́nu! Kò wọ́pọ̀!"

Ní ọjọ́ kan, Àrìnpé ń bọ̀ lódò, ó gbọ́ igbe ọmọ tuntun nílé alágbẹ̀dẹ. Ó mọ irú igbe yẹn. Ó sọ ìkòkò omi kalẹ̀, ó sáré wọlé. Ó bá ọmọ lórí ẹní, òwú yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ po pinpin. Ó wò ó títí, kò rí ẹ̀pà.

"Ìyàwó alágbẹ̀dẹ, kí ló dé tí ẹ so ọmọ báyìí? Ìka wo lẹ tún ń wá?"

Ìyàwó alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín. "Ìyá Òwújá, ta ló tún ń sọ ọmọ ní Olúgbòdì láyé yìí? Ẹ̀yin lẹ ṣí wa lójú. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló bá wa so ó láàárọ̀. Tí a ò bá so ó, kí ló máa wá já lọ́jọ́ kẹjọ?"

Àrìnpé na ọwọ́ sí i. Ó ní kó fún òun ní ọ̀bẹ.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, àlọ́ yìí kọ́ wa pé kí olúkúlùkù wo ilé tirẹ̀ kó tó sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ó sì kọ́ wa pé ká má fi ìyà jẹ ọmọ nítorí ohun tí aráyé fẹ́ rí. Ibi tí mo bá àlọ́ dé rèé, ibẹ̀ ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Bí mo bá parọ́ mọ́ ọn, kí ẹnu mi dákẹ́ bí ẹnu ìkòkò. Bí n kò bá parọ́, kí ó dún kí ẹ gbọ́."

Ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Pó! Pó! Pó!"